Ìdílé àti Ẹgbẹ́ nínú Ìṣèlú: Àpẹẹrẹ Ìsíákà Adélékè ti Ìlú Ẹdẹ

Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Òṣogbo ni ó di olú-ìlú, ilé gómìnà sì wà ní Òkè-Fíà. Gómìnà kìn-ín-ní tí àwọn ará ìpínlẹ̀ fi ìbò yàn ni Ìsíákà Adélékè, tí ẹgbẹ́ SDP fà kalẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 37 nígbà tí ó gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992.

Ẹdẹ ni ìlú baba rẹ̀, ṣùgbọ́n Enúgù ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1955. Baba rẹ̀, Ráájì Ayọ̀ọlá Adélékè, ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN ní ìgbà ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ọ̀nà ti là kí ọmọ tó tọ̀ ọ́. Ní ti ìnagijẹ rẹ̀, Ṣẹ̀rùbawọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbilẹ̀ lẹ́nu ará ọjà tó orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ìjọba náà kò pé ọdún méjì tí àwọn ológun fi dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Lára ohun tí ó fi sílẹ̀ ni Pólì Ìrèé, tí ó dá dúró ní ọdún 1992.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Láti ọdún 2007 sí 2011, PDP ni Adélékè fi ṣe sẹ́nétọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun. Ó fi PDP sílẹ̀ ní ọdún 2014, ó bọ́ sínú APC, ó sì tún wọlé ní ọdún 2015. Ó kú lójijì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2017. Àbúrò rẹ̀, Adémọ́lá, kọjá sí PDP nígbà tí ìbò àfidípò kù fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ̀yìn olùdíje APC balẹ̀ ní oṣù keje. Àgbègbè kan náà tí ó dìbò fún APC nítorí ẹ̀gbọ́n ni ó dìbò fún PDP nítorí àbúrò.

Ṣé orúkọ ìdílé nìkan ni ó ṣe é? Rárá o. Ìbànújẹ́ ikú náà ṣì tutù. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Filipínì: Corazon Aquino, tí ó ti jẹ́ ààrẹ rí, kú ní ọdún 2009, ọmọ rẹ̀ di ààrẹ ní ọdún 2010. Nígbà tí ọ̀fọ̀ sì rọlẹ̀ ní Ọ̀ṣun, orúkọ nìkan kò tó: ní ọdún 2018, ìbò 482 péré ni Adémọ́lá fi pàdánù ipò gómìnà. Ọdún 2022 ni ó tó borí. Wọ́n búra fún un ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, ọdún 29 lẹ́yìn tí àwọn ológun lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lórí ipò kan náà.