Káḿṣáàfù: Ọ̀pá Tó Ń Fún Ẹ́ńjìnnì Ní Èémí

Káḿṣáàfù ni ọ̀pá irin tó ń ṣí fáàfù inú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, òkè ẹ́ńjìnnì ló wà, nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì láti Ìkẹjà dé Agége ń pè ní top cylinder. Ara ọ̀pá náà kò tẹ́jú. Ó ní àwọn ibi tó yọ imú bí ẹyin adìẹ. Bó bá ṣe ń yí, imú yìí á ti fáàfù wọlẹ̀. Bó bá ti kọjá, sípíríǹgì á dá fáàfù padà. Àwọn fáàfù kan ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, àwọn yòókù ń tú èéfín síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí, ń yí kí káḿṣáàfù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Timing belt tàbí ṣéènì ló so wọ́n pọ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já lórí eré, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀.

Ohun méjì pàtàkì ló ń pinnu irú agbára tí káḿṣáàfù máa fún ọkọ̀: bó ṣe ń ṣí fáàfù jìn tó, àti bí fáàfù ṣe ń pẹ́ tó kó tó padé. Káḿṣáàfù ọkọ̀ ìje ń fi kún méjèèjì. Bí kíráńkì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé dáadáa mọ́. Bí fáàfù bá pẹ́ díẹ̀ sí i ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì á mí kanlẹ̀, agbára á sì pọ̀ sí i.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìgbà kan á wà tí fáàfù afẹ́fẹ́ àti ti èéfín á jọ ṣí sílẹ̀. Lórí eré, èrè ni, nítorí èéfín tó ń sá jáde a máa fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró tó kàn ń kùn, èéfín á ṣẹ́rí padà, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, epo á sì máa ṣòfò.

Ta ló wá nílò káḿṣáàfù ìje nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ọba Àkran, tàbí ní Agége Motor Road nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì? Agbára ìrìn jẹ́jẹ́ tí ọkọ̀ ń lò níbẹ̀ ni káḿṣáàfù ìje ń dín kù. Owó rẹ̀ kò sì mọ sórí ọ̀pá nìkan: sípíríǹgì tó le gbọ́dọ̀ bá a rìn, ẹni tó mọ brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, sì gbọ́dọ̀ tún un ṣètò. Fún ọkọ̀ tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ìnáwó òfò ni.

Àwọn ará Japan ti yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́nà tó sàn jù. Ní 1989, Honda gbé VTEC jáde: ọ̀pá kan, imú oríṣi méjì, kékeré fún ìrìn jẹ́jẹ́, gíga fún eré. VVT-i ti Toyota dé láàárín àwọn ọdún 1990. Òun ń yí ọ̀pá náà síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ kí fáàfù lè ṣí lásìkò tó bá ìrìn mu. Wọn kì í ṣe àjèjì l'Ékòó: Camry oní-plug mẹ́rin ti 2002 sí 2006, tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ní VVT-i, Accord oní-plug mẹ́rin ti 2003 sí 2007, tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, ní i-VTEC.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ẹ̀rọ méjèèjì ṣiṣẹ́. Bí ọ́ìlì bá gbó tó di ẹrẹ̀, ihò tóóró tó ń gbà kọjá á dí, imú káḿṣáàfù á jẹ, iná check engine á tàn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ Bluetooth kékeré tí a kì bọ̀ ọ́, pẹ̀lú fóònù Android láti Computer Village ní Ìkẹjà, ti tó láti ka kóòdù tó tan iná náà. P0011 ń sọ pé káḿṣáàfù ti ṣáájú àsìkò rẹ̀, ọ́ìlì ìdọ̀tí sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Kí onímọ́tò tó gbà kí wọ́n tú top cylinder, kó kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ìlì yọ wò, kó sì ní kí wọ́n ka kóòdù náà sí òun létí.