Odò Ọya: Ọ̀nà Rẹ̀, Orúkọ Rẹ̀ àti Ìsédò Kàíńjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti odò: ibi tí ènìyàn bá dúró sí létí rẹ̀ ni ó máa ń wò kí ó tó fún un ní orúkọ. Odò tí àwa Yorùbá ń pè ní Ọya gùn tó 4,180 kìlómítà. Láyé àtijọ́, kò sí ẹ̀yà kan ṣoṣo tí ó rí i tán láti orísun dé òkun, nítorí náà ni orúkọ rẹ̀ fi pọ̀.

Orí òkè ní ilẹ̀ Gínì ni odò náà ti ṣẹ̀, níbi tí kò jìnnà ju nǹkan bí 240 kìlómítà sí òkun Àtìláńtíìkì. Síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó gba ìhà àríwá lọ. Ó la ilẹ̀ Málì kọjá, ó dé etí aṣálẹ̀ ní agbègbè Tìmbúkútù, kí ó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù wá sí Nàìjíríà. Joliba ni àwọn Malinke ń pè é. Isa Ber, tí í ṣe ‘odò ńlá’, ni ti àwọn Songhai. Àwọn Hausa ń pè é ní Kwara, àwọn Tápà ní Edu, àwọn Ìgbò ní Orimili. Ní ti ‘Niger’, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ‘dúdú’ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú èdè àwọn Tuareg ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ‘odò àwọn odò’.

Ní tiwa, ìtàn sọ pé Ọya, aya Ṣàngó, ni ó wọlẹ̀ ní Irá tí ó sì di odò. Ìtàn mìíràn sọ pé àwọn Tápà dínà fún Ọ̀rànmíyàn létí odò yìí, pé ọba Ìbàrìbá ni ó fi ejò olóògùn hàn án, èyí tí ó tọ̀ lẹ́yìn títí dé ibi tí ó tẹ Ọ̀yọ́ dó.

Ní ilẹ̀ Ìbàrìbá yìí kan náà ni a ti sé odò náà ní Kàíńjì. Ìdí tí ibẹ̀ fi dára ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ń kún níbẹ̀ lọ́dún. Èkíní ni ìkún-omi funfun, tí òjò ìtòsí ń fà ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Ẹrẹ̀ ni ó sọ ọ́ di funfun. Èkejì ni ìkún-omi dúdú, tí ó ti Gínì wá. Irà ńlá ilẹ̀ Málì ti dá a dúró pẹ́, ó sì ti sẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1964, a sì ṣí ìsédò náà ní 1969. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ni omi ń yí níbẹ̀, agbára tí a ṣe wọ́n fún sì jẹ́ 760 mẹ́gáwáàtì. Bí omi bá ti jáde níbẹ̀, ìsédò Jẹ́bà, tí a ṣí ní 1985, tún ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ire yìí ní iye tí a san. Adágún tí ó ti ẹ̀yìn ìsédò gbilẹ̀ bo ìlú Bùsà àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ abúlé. Ó ju 40,000 ènìyàn lọ tí ó ṣí kúrò nílé baba wọn. Ó bo àwọn àpáta odò níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806, àti ibi tí àwọn ará Lander ti bá odò lọ títí dé òkun ní 1830. Àwọn ará Bùsà kó orúkọ ìlú wọn dání lọ sí Bùsà Tuntun. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oko, àpáta àti èbúté ni ó rí ẹni gbé orúkọ rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ti dàgbà nígbà tí omi dé ti di arúgbó báyìí. Kí wọ́n tó lọ tán, ó yẹ kí á bi wọ́n léèrè, kí á sì kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀. Omi lè bo ilẹ̀. Bí a bá gbàgbé orúkọ ilẹ̀ náà, àwa fúnra wa ni a bò ó lẹ́ẹ̀kejì.