Ọ̀nà Tí Òkèlè Iyán Ń Gbà

Bí ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì bá gbé òkèlè iyán mì, ikùn á kọ́kọ́ pò ó fún wákàtí díẹ̀ kó tó tú u sínú ìfun kékeré, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6.

Ìpele mẹ́rin ni ògiri ọ̀nà oúnjẹ yìí ní: awọ inú, ìpele tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá, ẹran-ara tó ń ti oúnjẹ síwájú, àti awọ òde. Awọ inú ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Nínú ikùn, sẹ́ẹ̀lì kan ń ṣe ásíìdì, òmíràn ń ṣe èròjà tó ń tú ẹran, àwọn mìíràn sì ń ṣe omi yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ásíìdì jẹ ikùn fúnra rẹ̀. Nínú ìfun, àwọn tó ń fa ṣúgà inú iyán sínú ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù. Iṣẹ́ wọn le: láàárín ọjọ́ 3 sí 5, tuntun ti rọ́pò wọn.

Ibẹ̀ ni taifọ́ọ̀dù ti ń ṣọṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara kóra jọ sí, ni kòkòrò inú omi ẹlẹ́gbin ń gbà wọlé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ìfun lè lu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sì di iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ se omi kànga kí ẹ tó mu ún. Bí ibà kò bá sì lọ, ẹ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.