Ìyá Kò Rí Ìbànújẹ́ Ojú Mi

Ní Mowo, ní Badagry àti ní gbogbo etí ọ̀sà, ẹjọ́ kan wà tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé tí arúgbó ń gbé. Ọmọbìnrin yóò ti ọjà dé, gààrí rẹ̀ kò tà, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò sì máa bèèrè oúnjẹ. Ọmọ a wí pé, “Ìyá mi kò bìkítà fún mi mọ́.” Òtítọ́ ha ni bí?

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní òkè òkun ti fi àwòrán ojú ènìyàn han tọmọdé tàgbà, wọ́n sì rí i léraléra pé ó ṣòro fún àgbà ju ọ̀dọ́ lọ láti mọ ojú ìbínú, ti ìbànújẹ́ àti ti ẹ̀rù. Ọkàn ìyá kò yigbì. Ọpọlọ ni ó ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ojú tí ó ń ṣe bàìbàì a sì máa dá kún un.

Kì í ṣe pé gbogbo arúgbó ni ó ní àrùn ọpọlọ. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí láàrin àwọn ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú díẹ̀ lé ní ẹnì 1 nínú 100 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí àgbà tí í máa tu ni nínú bá ṣàdédé ń rẹ́rìn-ín níbi ọ̀fọ̀, tàbí tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìtìjú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Àrùn kan wà tí í kọ́kọ́ ba iwájú ọpọlọ jẹ́.

Fún àwọn ìyókù, ìmọ̀ràn wa kò ṣòro. Ẹ má dúró kí ìyá ka ojú yín. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì fi ẹnu sọ ọ́, ní Yorùbá tàbí ní Ègùn: “Ìyá, ọjà kò tà lónìí, inú mi bàjẹ́.” Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ máa bèèrè pé, “Ọmọ mi, ṣé kò sí?” Ọ̀pọ̀ ìyá tí a ti pè ní aláìláàánú ni yóò fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.