Ta Ni Nọ́ọ̀sì Tòótọ́?

Ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ aṣọ funfun, tí ó sì lè gún abẹ́rẹ́, "nọ́ọ̀sì" ni a ń pè é. Ẹ jẹ́ kí á fọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní apá méjì: ẹ̀kọ́ ìwé, àti ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ẹ wo Olóyè Kofoworola Abeni Pratt. Olùkọ́ ni ní Èkó tẹ́lẹ̀. Ní 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ní 1860. Ó kẹ́kọ̀ọ́ yege, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátíróònù UCH, Ìbàdàn, ní 1964. Kò fo àkàsọ̀ kankan.

Ní 1984, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Patricia Benner, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gùn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa tẹ̀ lé òfin bí wọ́n ti kọ ọ́. Lẹ́yìn bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà ni iṣẹ́ ń mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó dé ìpele karùn-ún a máa fura sí ewu kí ó tó hàn sí ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé kọ́ wa pé lẹ́yìn ìbí, ilé ọmọ gbọ́dọ̀ súnkì, kí ó sì le. Bí ó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ya. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti kan ikùn ọ̀pọ̀ abiyamọ ni ó ń tètè mọ èyí tí ó rọ̀. Kí abiyamọ tó dákú, irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ yóò ti máa fọwọ́ ra ikùn náà, yóò ti fún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin, yóò sì ti ránṣẹ́ pe dókítà. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yóò ní ẹ̀jẹ̀ ìbí lásán ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún, ẹ béèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé: Ǹjẹ́ àgbẹ̀bí yìí ní ìwé àṣẹ Nursing and Midwifery Council? Ta ni àgbà tí yóò wà nítòsí rẹ̀ lóru? Bí aṣọ bá sì ń rin fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ẹ má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó-Èkìtì kíákíá.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe tijú láti pe àgbà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.