Nígbà Tí Yíyún Ojú Ara Kò Bá Gbọ́ Oògùn Mọ́

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n àìsàn tí a bá fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀, ńṣe ni í máa gbilẹ̀ sí i.

Bí ojú ara bá ń yún obìnrin, tí nǹkan funfun kíki bí wàrà dídì sì ń jáde, púpọ̀ nínú wa a ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ti kó o. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ìwúkàrà kan tí í máa gbé ara wa ni, Candida albicans ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kòkòrò rere wà ní ojú ara tí wọn kì í jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá lóyún, tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ, ìwúkàrà a máa ráyè. Ẹni tí ó sì sáré lo tetracycline, ọlọ́dẹ ni ó pa, ó fi olè sílẹ̀ nínú ilé.

Ní 1950, obìnrin méjì ará Amẹ́ríkà, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, kéde nystatin tí ń pa ìwúkàrà yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni clotrimazole tí à ń kì sí ojú ara dé, àti fluconazole tí à ń gbé mì. Ẹyọ fluconazole kan, mílígíráàmù 150, a máa wo ọ̀pọ̀ obìnrin sàn. Kí aboyún má ṣe gbé e mì o. Clotrimazole ni tirẹ̀.

Kí ló dé tí àìsàn náà fi ń padà sára ẹlòmíràn? Ó lè má jẹ́ ìwúkàrà rárá: omi tí ń rùn bí ẹja, àìsàn mìíràn ni. Ó sì lè jẹ́ Candida glabrata tàbí Candida krusei, tí fluconazole kì í ràn dáadáa. Bí a bá sì ń lo oògùn lémọ́lémọ́, àwọn tí ó rọ̀ a kú, àwọn tí ó le a yè, wọn a sì máa bí sí i, bí eẹ̀kan tí a bẹ́ lórí láìhú gbòǹgbò rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Bí ó bá dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yóò fi òwú gba díẹ̀ lára omi náà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wádìí irú ìwúkàrà tí ó jẹ́ àti oògùn tí ó lè pa á, kí wọ́n sì wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ albicans tí ó ṣì ń gbọ́ oògùn, dókítà lè ní kí ẹ máa lo fluconazole lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ glabrata, ó lè fún yín ní kápúsù boric acid, mílígíráàmù 600, tí à ń kì sí ojú ara lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Májèlé ni bí a bá gbé e mì, kò sì yẹ aboyún.

Ẹ fi omi lásán fọ ìta. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú. Kò sí olóògùn tí ó lè fi ojú lásán mọ irú ìwúkàrà tí ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó tún ra oògùn.