Àtúntò tí Ó Yẹ Ẹ́ńjìnnì Lẹ́yìn Pípààrọ̀ Nọ́sù

Orí ẹ̀yà ọkọ̀ kékeré kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: nọ́sù, ẹnu tóóró tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù kan ní ilé epo NNPC fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà sí òkè 480 kí oṣù náà tó tán. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ ná ọjà láti Ọ̀rà tàbí Òkè-Ìlá wá sí Ìlá-Ọ̀ràngún kò lè fojú kéré ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo lámujù. Nọ́sù tí ó tóbi ju èyí tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ lọ wà lára ohun tí ń fà á. Nọ́sù tókúnbọ̀ a sì máa jọra. Ẹni tí ó fi ojú lásán rà á ní Ládípò kò lè mọ iye epo tí ó ń tú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹmu ṣe àpèjúwe, nítorí kò ṣàjèjì sí wa. Ká ní ẹlẹ́mu kan kì í wo igbá bí ó bá ń da ẹmu. Ṣe ni ó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí ó sì ń gbé akèrègbè rẹ̀ dúró. Bí a bá fi akèrègbè tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ rọ́pò tirẹ̀ láìsọ fún un, ẹmu yóò dànù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì ṣe rí. Kì í wọn epo. Àkókò tí nọ́sù fi ṣí sílẹ̀ ni ó ń kà, kí epo ìwọ̀n 1 lè bá afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 pàdé. Ẹ̀yà kan wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà tí ń tọ́ èéfín wò fún un, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí èyí lè mú wá ní òdiwọ̀n. (Ní ayé Peugeot 504 oníkábúrétọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, súkúrù àti etí mẹkáníìkì tó fún gbogbo èyí.)

Ká ní nọ́sù àtijọ́ ń tú mìlílítà 240 ní ìṣẹ́jú kan, tí tuntun ń tú 360. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé kí a dín àkókò náà kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nọ́sù kì í ṣí ní kété tí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń fi bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ṣòfò kí epo tó jáde. Mo pe èyí ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 1, mo sì gbà pé iye kan náà ni fún nọ́sù méjèèjì. Bí ọkọ̀ tí ó ru ẹrù bá ń gun òkè, tí àṣẹ àtijọ́ jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdì 10, 9 péré ni epo fi jáde. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni 6. A dá òfò 1 padà, ó di 7. Ẹni tí ó kàn pín 10 yóò ní 6.67, àṣìṣe náà kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, tí àṣẹ àtijọ́ jẹ́ 2.5, èyí tí ó tọ́ ni 2. Onípínpín yóò fún un ní 1.67, ìdá kan nínú mẹ́ta epo tí ó yẹ yóò sì sọnù. Ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń sáré dáadáa lójú títì tí ó sì ń kú bí ó bá dúró lẹ́bàá ọjà.

Àbùjá méjì wà tí n kò fara mọ́. Àwọn kan ń dín ipá tí ń ti epo kù; ṣùgbọ́n kí epo tó dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ipá náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, epo yóò sì máa kán dípò kí ó fọ́n bí ìkùukùu. Èkejì léwu jù: kí a mú kí ẹ̀yà tí ń wọn afẹ́fẹ́ purọ́ pé afẹ́fẹ́ kéré. Epo yóò dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìròyìn yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ìgbà tí pulọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Bí ó bá gbà pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fúyẹ́, yóò ṣáná ṣáájú àkókò. A ó gbọ́ ìró bí òkúta nínú agolo, písítìnì a sì lè bàjẹ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a kọ ìwọ̀n nọ́sù tuntun àti òfò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà. Níbi tí a kò bá ti rí ẹni tí ó lè ṣe é, mo rò pé kí a dá nọ́sù tí ó bá a mu padà. Lẹ́yìn àtúntò, kí a kọ́kọ́ dán ẹ́ńjìnnì wò ní ìdúró, kí a tó fi gun òkè. Kí a sì tan gbogbo iná ọkọ̀ nígbà náà, nítorí bí agbára bátìrì bá ti ń rẹlẹ̀ ni òfò náà ń gùn sí i, iye tí a kọ fún fóltì 14 kò sì tó fún fóltì 12.